Ẹni tó fẹ́ràn prog, ibo ni kó gbà wọ inú punk?

Etígbọ́ béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá orin. Prog (progressive rock) ni mo mọ̀ dáadáa: King Crimson títí dé Red, Van der Graaf Generator, Yes ìgbà Close to the Edge, Gentle Giant. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni orin gígùn tó ń yí padà bó ṣe ń lọ, kíkà tí kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin ní gbogbo ìgbà, béèsì (gítà ohùn ìsàlẹ̀) tó ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àti dùùrù. Mo fẹ́ wọ inú punk, orin rock líle tó ń sáré. Àwo tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń tọ́ka sí ni àwo àkọ́kọ́ Ramones, ti 1976: orin 14 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 29, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń tọ̀. Kò wọ̀ mí létí. Ẹ jọ̀ọ́, àwo wo ni kí n mú, orin wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kí sì ni kí etí mi máa wá níbẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ to orúkọ ọgbọ̀n ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún mi.

OkùnMẹ́fà:

Ẹ gbé Ramones tì ná. Àwo yẹn ò jẹ̀bi. Ńṣe ló dìídì kó gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn dànù, ó sì kó o dànù pátá. Ṣùgbọ́n ilé ìgbafẹ́ CBGB ní New York tí Ramones ti ń ṣeré, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Television ti jáde. Ọ̀dọ̀ Television ni kí ẹ gbà lọ.

Marquee Moon ni kí ẹ mú, ó jáde ní 1977. Gítà méjì ló wà níbẹ̀, ti Tom Verlaine àti ti Richard Lloyd. Kò sí èyí tó jẹ́ ìyá ìlù nínú wọn, kò sí èyí tó jẹ́ omele; wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn ni. Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gítà kan ń ta ohùn méjì pọ̀, kò yí padà. Gítà kejì fi ìdáhùn kékeré kan tó ń gbọ̀n sínú àlàfo tí ti àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Béèsì wọlé. Ẹ ó ti máa fẹsẹ̀ kà á, ẹ ó sì ti dá ibi tí “ọ̀kan” wà mọ̀. Nígbà tí ìlù Billy Ficca bá wá bọ́ sí i, ẹ ó rí i pé ibi tí ẹ fẹsẹ̀ lé kọ́ ni. Ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un gbọ́ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn ègbè kejì, Lloyd ta gítà tirẹ̀, kò pẹ́ rárá. Ti Verlaine dé lẹ́yìn ègbè kẹta, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ti gbọ́ prog yóò ti mọ̀ pé ilé lòun wà: ó ń gun ohùn bí ẹni ń gun àkàsọ̀, ó ń dúró lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, ìlù ń le sí i lábẹ́ rẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi dé òkè tó sì tú ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn méjì àkọ́kọ́ yẹn tún padà, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹ̀dà tí ẹ mú. Lórí àwo dúdú àkọ́kọ́, wọ́n rọra fa ohùn orin náà sílẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àtúntẹ̀ tó dé lẹ́yìn ló gbé e dé òpin, ó sì lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ààbọ̀. Èyí tó dé òpin ni kí ẹ wá.

Àwo kejì: ti ẹgbẹ́ Magazine. Howard Devoto fi ẹgbẹ́ punk Buzzcocks sílẹ̀ ó sì dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ó mú Dave Formula sídìí dùùrù, John McGeoch sídìí gítà, Barry Adamson sídìí béèsì. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Real Life ti 1978, kò burú. Fún ẹni tó wá láti ìdí prog, Secondhand Daylight ti 1979 ni mo fara mọ́, torí pé synthesizer (dùùrù oníná) gba iwájú níbẹ̀, orin náà sì ń rìn jẹ́ẹ́. Ẹ fi “Feed the Enemy” ṣí i, “Permafrost” ló pa á dé.

Oníbéèsì:

Mo fara mọ́ Television, àmọ́ ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè máa rò pé punk ò gbóná. Ẹ gbé Rattus Norvegicus ti The Stranglers lé e, 1977 náà ni. Béèsì J.J. Burnel ń kùn bí ẹranko, iwájú ni wọ́n sì fi í sí. Dùùrù Dave Greenfield ò yé sáré lórí rẹ̀. Orin tó kẹ́yìn àwo náà, “Down in the Sewer”, lé ní ìṣẹ́jú méje, wọ́n sì pín in sí apá mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lórí àwo yẹn kò mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá sí obìnrin. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Ní ti kíkà, “Golden Brown” ni ẹ̀kọ́ tó rọrùn jù. Ó wà lórí La Folie ti 1981. Punk ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni. Ẹ fetí sí ibi tí dùùrù dá ń lọ láìsí ẹni tó ń kọrin: ẹ ka mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ ka mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13. Ọ̀kan tó lé sórí ìkẹyìn yẹn ló ń mú kí ẹni tó ń jó o kọsẹ̀. Ẹ tẹ tábìlì rọra bí ẹ ṣe ń kà á, kí ẹ lu “ọ̀kan” kọ̀ọ̀kan kíkankíkan ju èyí tó kù lọ.

Bó bá wá jẹ́ pé béèsì ló ń pa yín, NoMeansNo ni, láti Victoria ní Kánádà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Rob Wright tó di béèsì mú àti John Wright tó wà nídìí ìlù. Ní 1979 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, béèsì àti ìlù nìkan ni wọ́n ní, kò sí gítà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí gítà dé tán, béèsì ṣì ni olórí ilé: òun ló ń mú orin wọlé, òun ló ń yà á sọ́nà mìíràn, gítà kàn ń bù kún un ni. Wrong, ti 1989, ni kí ẹ mú. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ “Rags and Bones”, kí ẹ tó lọ sí “The Tower”.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fóònù gbọ́ àwo yìí. Fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, béèsì tó jẹ́ ọkàn orin náà yóò pòórá, ariwo gítà àti ìlù tó ń dún bí páálí ló máa kù, ẹ ó sì wí pé ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Íyápíìsì tó bo etí dáadáa tó.

ÀwoDúdú:

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Cardiacs, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ìdáhùn gan-an sí ohun tí Etígbọ́ béèrè! Ẹgbẹ́ Tim Smith ni, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn tilẹ̀ lẹ prog àti punk pọ̀ láti rí orúkọ fún irú orin wọn: pronk. Eré sísá àti igbe punk wà níbẹ̀. Gítà àti dùùrù sì ń pààrọ̀ ìdì ohùn (chord) lọ́tùn-ún lósì, wọn kì í pẹ́ lórí ọ̀kan, bí ẹni ń fò láti orí òkúta kan sí òmíràn nínú odò. Orin á dúró gbọnyin láàárín ọ̀rọ̀, kíkà á yí, saxophone á ya wọlé, wọ́n á tún padà síbi tí wọ́n ti kúrò láìṣìnà. Ẹni tó bá fẹ́ràn Gentle Giant, ilé rẹ̀ nìyí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n gbé Sing to God ti 1996 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí pé òun ni wọ́n gbóríyìn fún jù. Àwo méjì nínú àpò kan ni, ó nípọn, kì í sì í fún etí tuntun láyè láti mí. Ohùn Tim Smith náà há, ó ga, ẹlòmíràn sì máa ń rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni; á pa àwo náà ní ìṣẹ́jú kejì. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti A Little Man and a House and the Whole World Window, 1988. Ẹ mú “Is This the Life” kọ́kọ́: òun ló tutù jù níbẹ̀, kíkà rẹ̀ ò yí, gítà ìparí rẹ̀ sì gùn dáadáa. Lẹ́yìn náà “R.E.S.”, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dájọ́: lẹ́ẹ̀kíní kí ẹ tẹ̀lé ìlù nìkan, lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tẹ̀lé dùùrù, lẹ́ẹ̀kẹta kí ẹ wá gbọ́ ohùn ẹnu. Ohun tó dà bí rúdurùdu nígbà àkọ́kọ́ yóò ti ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ fi “The Whole World Window” pa á dé, ó rọra ń lọ, ó sì tóbi. Ìgbà náà ni kí ẹ tó lọ sí Sing to God, àwo kan lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì fi “Dirty Boy” ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Ó sún mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, òkè ló sì ń gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìkejì, ẹgbẹ́ This Heat. Charles Hayward onílù wọn ti wà nínú ẹgbẹ́ prog Quiet Sun pẹ̀lú Phil Manzanera onígítà, àwo wọn Mainstream sì jáde ní 1975, nítorí náà inú ilé prog ló ti wá tààrà. “Health and Efficiency” ti 1980 ni kí ẹ fi wọlé: ó bẹ̀rẹ̀ bí orin tó ń tàn, lẹ́yìn náà ó wọ inú ìlù kan ṣoṣo tó ń yí po, tí ìró téèpù ń gba orí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Deceit, 1981. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti àwo àkọ́kọ́ wọn, ó ṣókùnkùn jù fún àlejò.

OkùnMẹ́fà:

Ẹ ṣeun, ÀwoDúdú, ó yẹ kí n ti dárúkọ wọn.

Ní ti orin gígùn, ẹ ṣọ́ra fún pàkúté kan. Ẹ ó rí i pé Nick Mason ti ẹgbẹ́ prog Pink Floyd ló darí gbígba àwo kejì ẹgbẹ́ punk The Damned sílẹ̀, Music for Pleasure ti 1977 (Syd Barrett, ọmọ ẹgbẹ́ Pink Floyd tẹ́lẹ̀, gan-an ni wọ́n fẹ́, kò ṣeé ṣe). Ẹ má torí orúkọ Mason mú un, kò sí prog kankan nínú rẹ̀. The Black Album ti 1980 ni tiyín: “Curtain Call” níbẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 17, ó gba odindi ojú kan lára àwo dúdú. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí kó dá yín lójú pé orin náà wà nínú ẹ̀dà tí ẹ mú.

Ẹni tó bá fẹ́ àwo tó ń sọ ìtàn kan láti òkè délẹ̀, Hüsker Dü ṣe Zen Arcade ní 1984: ọmọkùnrin kan tó kúrò nílé. Orin 23, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 70. “Reoccurring Dreams” tó parí rẹ̀ sún mọ́ ìṣẹ́jú 14, kò sí ẹni tó kọrin níbẹ̀. Ohùn àwo náà tín-ín-rín, béèsì rẹ̀ kéré. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ sì pa shuffle, torí tí áàpù bá da orin náà rú, ìtàn ti bàjẹ́ nìyẹn. Fucked Up láti Toronto ṣe irú rẹ̀ ní 2011, David Comes to Life, orin 18. “The Decline” ti NOFX, 1999, jẹ́ orin kan ṣoṣo tó lé ní ìṣẹ́jú 18. “Jesus of Suburbia” ti Green Day, 2004, jẹ́ apá márùn-ún nínú ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó sì dára ju bí àwọn ọmọ prog ṣe máa ń gbà lọ.

Etígbọ́:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ka “Golden Brown” bí Oníbéèsì ṣe wí, ó jáde ní 13 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ohùn olórin bá ti wọlé ni kíkà mi ń fọ́. Níbo ni mo ti ń ṣe é sí? Àti pé, ṣé ohun kan wà tó so Van der Graaf Generator mọ́ punk ní tààrà?

Oníbéèsì:

Ẹ ò ṣe nǹkan kan sí. Nígbà tí olórin bá ń kọrin, kíkà náà á padà sí mẹ́ta-mẹ́ta, kò sí mẹ́rin mọ́. Ọ̀kan tó lé yẹn, ibi tí dùùrù ti dá wà nìkan ló ti ń yọjú. Ẹ pa 13 tì ní kété tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ tún gbé e nígbà tó bá dákẹ́.

ÀwoDúdú:

Ó wà, ó sì dájú. Peter Hammill, olórin Van der Graaf Generator, ṣe Nadir's Big Chance ní 1975, àwọn ará Van der Graaf yòókù ló bá a lù ú. Orin kúkúrú, gítà líle, ohùn tó ń ya: ọdún kan ṣáájú àwo Ramones yẹn. Ní July 1977, nígbà tí Capital Radio ní London ní kí John Lydon ti Sex Pistols kó àwo tó fẹ́ràn wá, orin méjì láti inú àwo Hammill yìí ló fi síi. Ẹni kan náà tó wọ ẹ̀wù tó kọ “mo kórìíra” lé orí orúkọ Pink Floyd ni o.

Ẹ gbọ́ àwo Hammill náà, kí ẹ sì gbọ́ Metal Box tí Lydon ṣe pẹ̀lú Public Image Ltd ní 1979 tẹ̀lé e. “Albatross” ló ṣí i, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, béèsì Jah Wobble ló gbé gbogbo rẹ̀. Àwo dúdú 12-inch mẹ́ta tó ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n pín in sí, torí bí ojú àwo bá ní àyè tó pọ̀, béèsì máa ń jinlẹ̀ sí i. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rà, èyí tí wọ́n kó sínú agolo irin, ẹ má fi èékánná wa àwo jáde nínú rẹ̀. Ó há gan-an, ìwé pẹlẹbẹ nìkan ló sì wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ha. Ẹ da agolo náà dé orí aṣọ tó mọ́, rọra, kí gbogbo wọn jọ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.