Kí ni ọpọlọ fi ń mọ ọ̀nà?

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi fi wakọ̀ láàárín Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ní báyìí, ọ̀nà ọjà tó wà nítòsí ilé ti ń rú wọn lójú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń dá gbogbo wa mọ̀. Kí ló fà á?

Ìyá Olùkọ́: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus wà lára ohun tó ń bá wa mọ ọ̀nà. Ní 1971, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, John O'Keefe, fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń tají nígbà tí eku bá dé ojú ibi kan pàtó, tí òmíràn á sì tají níbòmíràn, títí gbogbo yàrá náà yóò fi ní àmì nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́! Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Igbó: Òótọ́ ni Ìyá sọ. Apá yìí wà lára ibi tí àrùn Alzheimer, ìyẹn àrùn ọpọlọ tó ń fa ìgbàgbé, máa ń tètè bà jẹ́, nítorí náà ẹ má kà á sí ọjọ́ ogbó lásán. Ẹ mú Bàbá lọ rí dókítà, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa dá jáde.