Ẹ̀rọ tó ń gun igi rẹ́ ẹ̀ka: ṣé ó máa bá tíìkì wa mu?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ onígi. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù lára tíìkì wa ní Ìkéré-Èkìtì, kókó ló sì ń dá sínú pákó, èyí tí àwọn onípákó fi ń já owó wálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò gun àkàbà mọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ní Jàpáànì, ẹ̀rọ kan wà tó ń di igi mú, táyà rẹ̀ á máa yí i ká lọ sókè, ayùn rẹ̀ á sì máa rẹ́ ẹ̀ka. Àmọ́ igi tiwọn gún gbọọrọ. Ìdí tíìkì máa ń rí págunpàgun. Ṣé kò ní há sókè? Ta ló ti lò ó rí? Àbí kí n ra ayùn tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn, kí n rẹ́ wọn nígbà ẹ̀rùn tí ewé bá ti wọ́?