Dàńṣíkí tí wọ́n ń wọ̀ ní Amẹ́ríkà: ṣé tiwa ni ọnà ọrùn rẹ̀?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, kò sí ayẹyẹ àwọn ènìyàn dúdú tí a kì í ti í rí ẹ̀wù fífẹ̀ kan tí ọnà aláràbarà yí ọrùn rẹ̀ ká, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Dàńṣíkí ni wọ́n ń pè é. Ọmọ mi wọ̀ ọ́ lọ sí ilé-ìwé, olùkọ́ sì ní kí ó wá ṣàlàyé ohun tí ọnà náà jẹ́ fún Yorùbá. Dàńṣíkí tí mo mọ̀ lára bàbá mi àgbà, kíjìpá ni, kò sì sí ọnà kankan lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀wù kan náà ni méjèèjì?

Aránṣọ Ìṣẹ́yìn: Bí wọ́n ṣe gé e ni ó pa wọ́n pọ̀. Ẹ̀wù iṣẹ́ ni dàńṣíkí tí bàbá àgbà yín wọ̀: a máa ń jẹ́ kí ó fẹ̀ lábẹ́ abíyá kí apá lè ráyè gbé ọkọ́ sókè, kí afẹ́fẹ́ sì lè wọlé, a sì máa ń lẹ àpò ńlá mọ́ iwájú rẹ̀. Kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró nípọn, ó sì máa ń tọ́jọ́, nítorí náà ni ó ṣe bá oko mu. Àwa nìkan kọ́ ni a ni irú ẹ̀wù yìí. Àwọn Haúsá ní tiwọn. Ẹni tó ń lọ òde ńlá ló ń wọ agbádá tàbí gbáriyẹ̀, ẹni tó bá sì wọ dàńṣíkí lásán lọ tọrọ ìyàwó yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àna.

Alákòójọ Aṣọ: Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọnà náà kún un. Ilé-iṣẹ́ Vlisco ní ìlú Helmond, lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1846, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Toon van de Manakker ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀wù àwọn obìnrin ọlọ́lá Ethiópíà, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́rùn àti láyà, ni ó wò yà á. Nígbà tí aṣọ náà dé ọjà Áfíríkà, àwọn ará Gánà sọ ọ́ ní Angelina, àwọn ará Kóńgò sì ń pè é ní Ya Mado. Bí ọmọ yín bá sọ fún olùkọ́ pé àmì òrìṣà kan ni, irọ́ ni.

Ìyá Harlem: Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ sọ pé kò kàn wá. Oseijeman Adefunmi, ọmọ bíbí Detroit, lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas ní Kúbà ní ọdún 1959. Ní ọdún 1960 ó dá ilé òrìṣà Yorùbá sílẹ̀ ní Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní New York, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń wọ aṣọ Áfíríkà rìn ní ìgboro kí ó tó lọ tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní ọdún 1970. Láàárín ìgbà náà ni ìjà ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú gbóná, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi kóòtù àti táì sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé dàńṣíkí wọ̀ láti fi hàn pé àwọn kò tijú orírun àwọn. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìtajà ńlá rí owó nínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun náà sì ń wọ̀ ọ́ ṣe fàájì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti dínkù. Síbẹ̀, ó padà di aṣọ ọdún Kwanzaa, tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ń ṣe, àti ti ìgbéyàwó. Ẹ̀wù tí bàbá àgbà yín fi ń ro oko ni àwọn wọ̀nyí sọ di aṣọ iyì, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì nìyẹn, kì í ṣe ti Helmond.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ rán irú ti bàbá fún ọmọ náà. Ṣé kíjìpá kò ní wúwo jù fún un?

Aránṣọ Ìṣẹ́yìn: Yóò wúwo o, pàápàá nígbà ooru. Ẹ wá aṣọ òfì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún aránṣọ pé kí ó fi àyè sílẹ̀ dáadáa lábẹ́ abíyá.