Látìnì: *volabat* àbí *volavit*? Ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Látìnì. Olùkọ́ wa ní ká túmọ̀ ìtàn Daedalus àti Icarus ọmọ rẹ̀ (ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì) sí Látìnì, kí ìṣe tó ti kọjá lè mọ́ wa lára. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò le. Daedalus ń fi ìyẹ́ àti ìda ṣe apá: *faciebat*. Ó ti kìlọ̀ fọ́mọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra: *monuerat*. Icarus já sómi: *cecidit*. Ó parí.

Àárín ìtàn ló dojú rú. Ọmọ ń fò, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ga sí i (alágídí ọmọ!), ni oòrùn bá yọ́ ìda. Ṣé *volabat* (“ó ń fò”) ni màá lò títí ìda fi yọ́, àbí *volavit* (“ó fò”)? Ẹnìkan tún ní tí mo bá ti fi *dum* (“nígbà tí”) bẹ̀rẹ̀, *dum volat* ni kí n kọ, bí ẹni pé ìsinsìnyí ló ń ṣẹlẹ̀. Ó tún ní lẹ́yìn *postquam* (“lẹ́yìn tí”), *monuit* (“ó kìlọ̀”) ló wọ́pọ̀, kì í ṣe *monuerat*.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú? Ṣé kí n kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí, kí n tó kọ Látìnì rárá?