Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) Camry 2.2: ṣé fífá orí ẹ́ńjìnnì ti tó?

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Camry 1999 ni, ẹ́ńjìnnì 5S-FE. Omi ráídíétọ̀ ń dínkù láìjò síta, ó sì ń hó kùṣọ̀ tí mọ́tò bá ti sítáàtì. Èéfín funfun ń tú ní sàlẹ́ńsà, àmọ́ ọ́ìlì ò tíì dà bí ògì. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (agbára ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ nínú sílíńdà kìíní dé ìkẹrin): 170, 165, 95, 90 psi. Àárín sílíńdà kẹta àti ìkẹrin ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó nìyẹn.

A ti tú orí ẹ́ńjìnnì. Ó fi 0.10 mm wọ́, bẹ́ẹ̀ 0.05 mm ni Toyota gbà láyè. Ṣé ká fá a kó lè tẹ́jú, àbí ká ra tòkúnbọ̀? Mẹkáníìkì mi fẹ́ fi gọ́ọ̀mù sí gásíkẹ́ẹ̀tì (mi ò fara mọ́ ọn rárá), ó tún fẹ́ lo bolt mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àtijọ́. Tá a bá dè é dé 49 Nm, tá a tún yí i ní 90°, ṣé wọn ò ní já?