Agbọ́rin kọ́, agbórin ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka àríyànjiyàn wa yìí lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká pe ẹ̀rọ MP3, tí mo sì ń pa ẹnu mọ́, torí iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà sì mọ ara mi: tí mo bá ti la ẹnu, ó di alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íbàdàn kọ ọ́ pé "ẹ̀rọ agbọ́rin" ni ká máa pe ẹ̀rọ orin kékeré tí à ń kì bọ àpò, tí wọ́n tún fi kún un pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, mi ò lè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ wo ló parí?

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹ jù mí lọ nínú ìwé; èmi ò ju ẹni tó ń kó orin sí mẹ́mórì fún aráàlú lọ. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ orin nínú ọ̀rọ̀ yìí? Èmi tí mo ki íapíìsì sétí ni mo gbọ́ ọ. Ẹni tó ń pa ẹja ni apẹja, ẹni tó ń kọ orin ni akọrin, ẹni tó bá ń gbọ́ orin ló yẹ kó jẹ́ agbọ́rin. Bí ẹ bá wá gbé oyè yẹn fún ẹ̀rọ, kí lèmi ń fi etí ṣe?

Agbórin ni mo ní kó máa jẹ́. A-gbé-orin. Ẹ má wò ó pé àmì kékeré ìdí ọ lásán ni mo yọ o. Gbé ló wà nínú tèmi, gbọ́ ló wà nínú tiyín, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tó ru ẹrù, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó gbúròó ẹ̀.

Ẹ̀rí tí mo ní kò jìnnà, inú ẹ̀ ni mo ń gbé. Ìtòsí Tákíé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ọmọ ìlú yìí tí wọn ò sọ ìtàn Ògúnlọlá fún, bó ṣe bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó sì gbé orí náà lọ fún Aláàfin. Ò-gbé-orí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ẹ pa á jẹ, ẹ tún un pa jẹ, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Gbé pàdé orí, e fò lọ, ohùn òkè rẹ̀ jókòó lórí o, ó di gbórí. Gbé pàdé orin, ó di gbórin. Gbogbo àwọn àlejò tó ń pe ìlú wa ní "Ògbọ́mọ̀ṣọ́", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé a gbọ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. A ò gbọ́ ọ o. A gbé e ni.

Àbúrò wa kan láti Ọ̀yọ́ ti yára já lu èyí. Ó ní bó bá jẹ́ orúkọ ìlú wa ni ẹ̀rí, a jẹ́ pé ògbórin ló yẹ kí n pè é, torí ò- ló wà níwájú Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe a-. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀. Àmọ́ ẹ wo òṣìṣẹ́, òjòwú, ọ̀mùtí: èèyàn ni gbogbo wọn. Ẹ wá wo amúlétutù, amúnáwá, amóhùnmáwòrán: ẹ̀rọ ni. A- la fi ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, Aláàfin ń bẹ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi fáwẹ́lì sílẹ̀ fún wa.

Ìbéèrè gidi tí wọ́n bi mí ni pé ṣé gbọ́ orin náà ò lè di gbórin ni, ṣebí gbọ́ ohùn ń di gbóhùn? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà: gbé orin ò lè di gbọ́rin láéláé. Kò sí ọ nínú gbé, kò sí nínú orin, níbo ni ọ fẹ́ gbà wọlé? Gbé ọmọ ló ń di gbọ́mọ, torí ọmọ ló mú ọ tiẹ̀ dání wá, òun la fi ń dẹ́rù ba ọmọdé pé gbọ́mọgbọ́mọ ń bọ̀. Ẹni tó kọ agbọ́rin ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbé. Ẹni tó kọ agbórin ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kankan.

Ẹ̀gbọ́n wá fa ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀rí àṣekágbá yọ. Wọ́n ní ṣebí gbogbo wa là ń pe rẹ́kọ́dà ní ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, pé bí ìyẹn bá lè gbọ́ ohùn, kí ló ń di èyí lọ́wọ́? Háà. Ibí gan-an ni mo ti dìde kúrò lórí àga. Gbọ́ kọ́ ló wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, gba ni. A-gba-ohùn-sílẹ̀. Ohùn àárín ni gba, kò sí bí ohùn òkè ṣe lè wọ ibẹ̀: agbohùnsílẹ̀. Bàbá mi àgbà, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ fún ọdún gbọọrọ, kì í jẹ́ ká pè é ní gbó- níwájú òun. Tí ọmọdé bá ṣì í pè, Bàbá á fi ọ̀pá kan ilẹ̀, á ní, "Ṣé ó gbọ́ ọ ni, àbí ó gbà á?" Àwọn akéde rédíò ló bà á jẹ́. Ẹni tó pe rédíò fúnra ẹ̀ ní asọ̀rọ̀mágbèsì láyé Rediffusion, rédíò oníwáyà àtijọ́, wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kó tó sọ ọ́ lórúkọ: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Ẹ rí gba níbẹ̀ yẹn náà, ó jókòó jẹ́jẹ́.

Wọ́n tún ní àwọn ará Jàpáànù pe tiwọn ní Walkman lọ́dún 1979, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó so ó mọ́ ìgbànú ló ń rìn. Òótọ́ ni. Àṣìṣe ará ilé ẹlòmíràn ni. Wọ́kúmáànù tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní nígbà yẹn, bíírò la fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ padà kí bátìrì má baà tán, a sì máa ń sá bátìrì ọ̀hún sóòrùn lórí páànù bí ẹni sá èlùbọ́. Kò sẹ́ni tó ráyè wádìí ẹni tó ń rìn.

Lọ́jọ́rú, mo ní kí n dán ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n wò, kí wọ́n má sọ pé ìjà ni mo ń wá. Mo ya páálí bisikíìtì, mo fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà: ẸRỌ AGBỌRIN WA NIBI. Mo fi àmì sí ìdí ọ, mi ò fi àmì ohùn sí i. Ta ló ń fi àmì ohùn sórí páálí? Kò pẹ́ tí bàbá ọdẹ kan tó máa ń ti ọ̀nà Orílé Ìgbọ́n wá fi dúró níwájú ẹ̀. Ó pè é lábẹ́lẹ̀, ó tún un pè, ó wá yọjú wọlé.

"Ẹ̀rọ àgbọ̀nrín. Èyí tí wọ́n fi ń pè é ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń ríran rí i lóru?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo fi ẹ̀rọ hàn wọ́n, mo ki íapíìsì kan sí wọn létí, mo tan ìjálá. Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n yí orí díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ń sun ìjálá bá dúró lẹ́yìn èjìká wọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n yọ ọ́, wọ́n yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ o. Gbé ni ọdẹ sọ. Mi ò kọ́ ọ. Wọ́n ra ọ̀kan, wọ́n ní ìjálá nìkan ni kí n kó sí i, àwọn ò fẹ́ fújì. Mo ya páálí yẹn dànù.

Ẹni tó ní ká pè é ní "ẹ̀rọ orin mẹ́ta" torí 3 tó wà nídìí MP3, jọ̀ọ́, orin mẹ́ta kọ́. Ìpele kẹta ìlànà tí wọ́n fi ń fún ohùn mọ́ra ni, àwọn ará Jámánì kan ní ìlú Erlangen ló sì yan ìrù ".mp3" yẹn fún un lọ́dún 1995. Kókó iṣẹ́ wọn rèé: bí ìyáàlù bá dún gìdìgbà, ohùn kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀ lásìkò kan náà kì í dé etí, nítorí náà kí ló dé tí a ó máa tọ́jú ẹ̀? Wọ́n gé e sọnù. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú kan orin ò fi ju bíi megabyte kan lọ (megabyte ni a fi ń wọn àyè inú mẹ́mórì). Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n yóò fò mọ́ èyí pé ẹ rí i, orí ohun tí etí ń gbọ́ ni wọ́n gbé e kà, gbọ́ ti wọlé. Ẹ jẹ́ kó wọlé. Àlejò fún ìgbà díẹ̀ ni, gbé ló ni ilé.

Tèmi tí mo ń lò, ọwọ́ akiri ọjà kan ní Sábó ni mo ti rà á. Kò ju páálí ìṣáná lọ, ó ní ìkọ́ lẹ́yìn tí mo fi ń kọ́ ọ mọ́ àpò àyà. Bọ́tìnì tó yẹ kó máa dá orin padà ti kú láti ọdún tó kọjá, nítorí náà tí orin kan bá ré mi kọjá, àfi kí n yí gbogbo ìyókù ká títí tí n ó fi padà bá a níwájú. Ojú ẹ̀ náà ò mọ Yorùbá. Mo jókòó lórí kọ̀ǹpútà, mo fi àmì sí orúkọ àwọn orin ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, Ẹ̀sà ni mo kọ, nígbà tó dé ojú ẹ̀rọ, àpótí méjì, s, àpótí kan. Èmi tí mò ń bá àgbààgbà jà lórí àmì ohùn, àpótí ni mo ń kà nínú àpò ara mi.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀ yẹn, kí n sì máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Igbó wá gba mẹ́mórì wọn lánàá, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ṣàlàyé, mo ní agbórin ni, ó ń gbé orin. Wọ́n ní, "Orin mélòó ló wà nínú tèmi yìí?" Mo ní, "Ó lé ní irinwó, Màámi." Wọ́n wò mí.

"Irinwó lo ní ó ń gbé? Igbá kan ni mo lè gbé. Bó bá di igbá irinwó, mo máa kó wọn ni. Ìwọ náà kọ́ lo ní o bá mi kó orin sí i?"

Mo ti ń wá èsì láti àná. Ẹ wò ó, nígbà tí iléeṣẹ́ Saehan ní Gúúsù Kòríà gbé ẹ̀rọ MP3 tí wọ́n pè ní MPMan jáde lọ́dún 1998, megabyte 32 péré ni àyè inú ẹ̀, ìyẹn bí ìlàjì wákàtí, ojú kan kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan tí à ń pè ní C-60. Ìyẹn ṣe é gbé. Ṣùgbọ́n ní 2001 tí Apple mú iPod wá, 1,000 orin ni wọ́n ń polówó. Mẹ́mórì gígábáìtì 4 (bíi megabyte 4,000) tí mò ń tà fún àwọn ọmọ yunifásítì, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, ó ń gba ohun tó lé ní ọgọ́ta wákàtí. Tá a bá fi kásẹ́ẹ̀tì kó o, kásẹ́ẹ̀tì C-60 tó lé ní ọgọ́ta la máa kó sínú àpò. Ta ló ń gbé àpò orin báyẹn tí kì í kó o?

Mo gbìyànjú pé a kó wọn sí i ni, òun wá gbé gbogbo wọn dání bí ẹrù kan. Ìyá ní àwọn gbọ́, wọ́n gba mẹ́mórì wọn, wọ́n lọ. Mo mọ ohùn "mo gbọ́" yẹn.

Akórin. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo wò ó. Akórin, akọrin. Tí mo bá fi èyí sórí páálí láìfi àmì sí i, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìlú yìí ló máa wá kàn sí mi fún òde.

Ẹ̀gbọ́n, agbọ́rin ò ṣe é gbà, ìyẹn ò yí padà. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n tún un rò. Ní ti agbohùnsílẹ̀, gba ni, mo sì ní ẹ̀rí mìíràn tí mo máa kó wá tí iná bá dé, torí ẹ̀rọ amúnáwá tó wà lẹ́yìn ilé yìí ti ń húkọ́.