Nàìjíríà àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: níbo ni ara ti tù yín jù? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Aránṣọ, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Lọ́dún 2017 ọkọ mi rí iṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, a bá kó lọ. Ọjọ́ tí à ń lọ, ìyá mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ní ìyà ni mò ń lọ jẹ.

Iná ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ní Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá gbé aṣọ ìyàwó wá, owó epo jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń rò kí n tó ro owó iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ní Àjàṣẹ́ iná máa ń lọ, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí mo rù lọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí mo fi tà á. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ Nàìjíríà wa ni wọ́n ti ń ra apá kan nínú iná náà.

Ó wá ku owó. Lọ́dún 2014, nígbà tí mo ṣì ń ti Abẹ́òkúta wá ra àǹkárá ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, bí mo bá mú ₦350 dání, ó tó mi ṣẹ́ 1,000 sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tó fi di àárín ọdún 2025, ó ti kọjá ₦2,500. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan láti 1999, kò kúrò lójú kan. Náírà ló ń já. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin níbí jẹ́ 52,000 sẹ́fà láti 2023, ti Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti 2024. Ẹ ṣẹ́ ẹ wò, tibí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ìyá mi tó sunkún lọ́jọ́sí, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ láti ibi ìyà yẹn ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ibà mú ọmọ mi, gìrì sì dé. Mo pọ̀n ọ́n, mo gun zémidjan, ọ̀kadà ibẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń fi Faransé bi mí léèrè, èmi ń fọwọ́ júwe. Gbogbo ohun tó ṣe ọmọ mi láti àárọ̀ ló wà nínú mi, n kò rí ẹnu sọ ọ́. Wọ́n já ìwé lé mi lọ́wọ́, kí n lọ ra abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìyá Ègùn kan tó ń tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀ ló yíjú sí mi: “Ìyá ọmọ, kí ló ń ṣe é?” Yorùbá ló fi bi mí! Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́, mo jókòó sílẹ̀. Òun ló ń bá mi túmọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọmọ náà ti wà nílé ìwé ìjọba báyìí, wọn kì í gba owó ilé ìwé. Faransé ti wá ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, bó bá sì ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi ni mo tún wá di ògbufọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Oníṣòwò, Èkó

Ẹ kú ìnira, ìyá wa. Èmi gbé Kútọnu fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀yà ara ọ̀kadà ni mò ń tà. Mo sùn dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ ọjà ò yá: gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 lọ. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, ẹrù mi há sí Èkó títí oṣù kejìlá 2020, gbèsè sì wọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ sì rántí kpayo, epo inú ìgò ẹ̀bá títì yẹn. Fàyàwọ́ ni, tiwa ni. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀wọ́n dé bá àwọn náà. Mo ti padà sí Èkó. Ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n ọjà ń lọ.

Bíríkìlà, Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Sẹ́fà náà ti já rí. Oṣù kìíní 1994, a sùn, a jí, wọ́n ti gé e sí méjì: 50 ni wọ́n fi ń ṣẹ́ fáráńkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Oògùn tí mò ń rà fún bàbá mi wọ́n kọjá agbára mi. Mo gba Ìmẹ̀kọ kọjá sí Èkó lọ́dún náà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 nìkan ló pín wa níyà, ẹbí ni wá. Ọ̀gá kan ní Mushin kọ́ mi níṣẹ́, ó fún mi ní yàrá, kò gba kọ́bọ̀. Náírà ni mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọ̀gá mi yẹn wá bá mi ní Kétu, ó ń wá iṣẹ́. Yàrá tó kọjú sí títì ni mo fún un.